Búréèkì Ṣáájú Ẹ́ńjìnnì: Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Lórí Lọ́rì Ológun Àtijọ́

Lóṣù tí ó kọjá, a tẹ àwòrán lọ́rì ológun àtijọ́ kan sí ojú ewé yìí, a sì ní kí àwọn òǹkàwé tí wọ́n ní irú rẹ̀ kọ̀wé sí wa. Lẹ́tà tí ó dé pọ̀ ju ohun tí a rò lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Bírítéènì àti Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ti máa ń ta ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ogun ti lò tán fún ará ìlú, tí àwọn kan sì ń fi títún un ṣe ṣe ìgbafẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Mo ti yan díẹ̀ nínú lẹ́tà náà, mo sì gé àwọn tí ó gùn jù kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra lọ́rì Bedford RL kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1955 lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan níhìn-ín. Inú abà ni ó wà láti bí ọdún mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tí ó ṣí i. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra bátìrì tuntun, kí n da bẹntiróòlù sí i, kí a sì gbọ́ bóyá yóò dún. Ṣé ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀?
*Òǹkàwé kan láti Kent, ní Bírítéènì*

Ẹ kú oríire, ọkọ̀ náà á mọ̀ yín lára. Ẹ yàn dáadáa, nítorí pé Bedford RL jẹ́ ọkọ̀ tí ẹni tí ó bá ní sùúrù àti sípánà tí ó péye lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú palẹ̀, kí ó sì tún un tò. Ilé-iṣẹ́ Vauxhall ni ó ni orúkọ Bedford nígbà náà. Ara lọ́rì S tí wọ́n gbé jáde fún àwọn oníṣòwò ní ọdún 1950 ni wọ́n sì ti fa RL yọ fún àwọn ọmọ ogun, tí wọ́n jẹ́ kí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn jọ máa fà á kí ó lè jáde nínú ẹrẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù onísílíńdà mẹ́fà, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ lítà 4.9, ni ó wà nínú rẹ̀. Ìdílé kan náà ni ọkọ̀ panápaná tí àwọn ará Bírítéènì ń pè ní Green Goddess ti wá. Láàárín ọdún 1953 sí 1956 ni wọ́n ṣe wọ́n, ìjọba kó wọn pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ ogun sì tún gbé wọn jáde nígbà tí àwọn panápaná daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1977 àti ní ọdún 2002. Nítorí náà, ohun èlò rẹ̀ kò tíì wọ́n bí ojú. Àwọn àgbà ilé pàápàá kò ní ṣàjèjì sí orúkọ náà, nítorí orí Bedford ni ọ̀pọ̀ káfíńtà wa kan ara pákó bọ́lẹ̀kájà mọ́ láyé ọjọ́un.

Ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀lé ìmọ̀ràn àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti dúró fún ọdún mẹ́wàá kì í sábà kọ̀ láti dún. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń dún fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń ba ara rẹ̀ jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú náà. Òrùka písítìn ti lè dípẹtà mọ́ ara sílíńdà, fáàfù kan tàbí méjì sì ti lè há. Bí sítátà tí agbára bátìrì tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀ bá fi ipá yí i, òrùka yóò ṣẹ́, ọ̀pá tí ń ti fáàfù yóò sì tẹ̀. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ da ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìdérí fáàfù, kí ẹ fi ọ̀pá tí a ń kì bọ iwájú ọkọ̀ yí ẹ́ńjìnnì náà jẹ́jẹ́, láìsí bátìrì nítòsí, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí i pé gbogbo fáàfù tí ó wọlẹ̀ ni ó ń padà wá sókè. Bí ó bá há, ẹ dúró, ẹ tún da ọ́ìlì sí i, kí ẹ sì padà wá ní ọjọ́ kejì.

Ẹ fa ọ́ìlì àtijọ́ dànù kí ẹ́ńjìnnì tó dún rárá. Ẹ sì wo ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù dáadáa bóyá irin rẹ̀ ti là, nítorí pé ní ilẹ̀ tí omi ti ń di yìnyín, omi tí ẹnìkan gbàgbé sínú ẹ́ńjìnnì láìfi oògùn òtútù sí i yóò wú nígbà òtútù, yóò sì la irin. (Mẹkáníìkì tí ó kọ́ṣẹ́ ní Mushin kò ní ronú kan èyí, a kò sì lè bá a wí.) Bẹntiróòlù tí ó wà nínú táńkì ti bàjẹ́, ìpẹtà sì ti bá a rẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó dé kábúrẹ́tọ̀, ẹ fi gálọ́ọ̀nù kékeré kan fún un ní epo tuntun láti òkè títí ẹ ó fi fọ táńkì. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, bẹntiróòlù tí ó wọ́pọ̀ ní ilé epo Bírítéènì ni E10, tí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ́tánọ́ọ̀lù yìí máa ń jẹ ròbà àtijọ́, ó sì máa ń fa omi mọ́ra nígbà tí ọkọ̀ bá dúró pẹ́. Ẹ ra E5, tí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bí ó tilẹ̀ wọ́n jù ú lọ, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì tí epo ń gbà kọjá.

Ìdajì ìdáhùn ni mo ṣì kọ yìí, ìdajì tí kò ṣe pàtàkì jù sì ni. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá dún ní ọ̀sán Sátidé yóò fẹ́ wa ọkọ̀ náà yí abà po kí ilẹ̀ tó ṣú. N kò tíì rí ẹni tí ó gbọ́ ìró náà tí ó pa á tí ó sì lọ sílé. Ọkọ̀ yín lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Bí búréèkì rẹ̀ kò bá mú, ohun tí ó bá kọ́kọ́ bá pàdé ni yóò dá a dúró, yálà ògiri ni tàbí ènìyàn. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan pílọ́ọ̀gì, ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí igi tí ó nípọn, ẹ yọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ṣí díróòmù búréèkì, kí ẹ sì wo ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹ ka lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e yìí pẹ̀lú, nítorí ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá wa. Lọ́rì ológun M35A2 ni mo ní, gbàǹjo ìjọba ni mo ti rà á. Nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ búréèkì máa ń wọlẹ̀ dé ilẹ̀ pátápátá, bí mo bá sì tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, á mú. Ẹnìkan tí ó ní irú rẹ̀ sọ pé kí n máa da omi búréèkì kún un, pé bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn. Ó tún ní mo lè máa da ọ́ìlì àlòkù mọ́ díísù. Ṣé òótọ́ ni?
*Òǹkàwé kan láti Maryland, ní Amẹ́ríkà*

Èkíní kì í ṣe òótọ́, ẹ má sì wa ọkọ̀ náà jáde mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe.

M35A2 tí kò rù ohunkóhun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù mẹ́fà. Bí ẹ bá tẹ búréèkì, mástà sílíńdà yóò ti omi lọ sínú ohun èlò kan tí ń lo afẹ́fẹ́ kọ́ńpúrẹ́sọ̀ láti fi kún agbára ẹsẹ̀ yín, láti ibẹ̀ ni omi náà yóò sì ti pín sí ojú táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Afẹ́fẹ́ tí ń sọ wùúù nínú ọkọ̀ náà máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ, wọ́n á rò pé irú búréèkì tí ó wà lára tírélà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ni ó ń mú un dúró, ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi náà sì ń gbà. Láti ọdún 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n pín ọ̀nà omi búréèkì ọkọ̀ kéékèèké sí méjì, kí ọ̀kan lè ṣẹ́kù bí èkejì bá jò. Ọkọ̀ yín kò ní èkejì yìí. Bí ròbà kékeré kan bá ya nínú sílíńdà táyà ẹ̀yìn lápá òsì, búréèkì gbogbo táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹsẹ̀ búréèkì ṣe ń wọlẹ̀ yóò sọ ibi tí àrùn wà fún yín. Bí ó bá ń wọlẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sì ń ga sí i bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó ṣeé ṣe kí ṣúù búréèkì ti jìnnà sí díróòmù, tàbí kí afẹ́fẹ́ ti wọ inú omi. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé e tí ẹ kò gbé e kúrò, tí ó ń rọra wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ròbà inú mástà sílíńdà ni ó ti ń jẹ́ kí omi kọjá. Bí omi bá ń dínkù nínú ìgò rẹ̀, tí ẹ kò sì rí ọ̀rinrin lẹ́bàá táyà kankan, ẹ fura sí ohun èlò afẹ́fẹ́ náà: ròbà tí ó pààlà sáàárín omi àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti lè já. Ìyẹn ni ó burú jù, nítorí kì í hàn lójú ilẹ̀ tí ẹ páàkì sí. Ẹni tí ó ń sọ pé kí ẹ máa da omi kún un ń sọ pé kí ẹ máa bọ́ àrùn náà.

Ohun tí èmi yóò ṣe ni pé n ó pààrọ̀ mástà sílíńdà, sílíńdà ojú táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti gbogbo họ́ọ̀sì ròbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìwo èyí tí ó ṣì dára nínú wọn, nítorí ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn. N ó wá fi ìka tọ páìpù onírin láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá ní abẹ́ àwọn ìdè tí ó so ó mọ́ férémù, níbi tí ẹrẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí. Ní ti omi búréèkì, ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ti fi ọ̀rọ̀ omi àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n gba omi sílíkóònù tí à ń pè ní DOT 5, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará ìlú tí ó ra ọkọ̀ náà ti da DOT 3, tí ó jẹ́ irú omi àtijọ́ náà, lé e lórí láìmọ̀. Ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀. Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ èyí tí ó wà nínú tiyín rọrùn: ẹ fa díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ da omi lásán sí i, kí ẹ sì gbọn ọ́n. DOT 3 yóò pò mọ́ omi, sílíkóònù yóò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ lókè. Bí ẹ bá rí ohun tí kò ṣe ti ìhín tí kò ṣe ti ọ̀hún, ẹ fọ gbogbo ọ̀nà náà pátá.

Ẹ má gbé ọkàn lé búréèkì ọwọ́. Orí ọ̀pá tí ń gbé agbára lọ sí ẹ̀yìn ni díróòmù rẹ̀ wà, láti di ọkọ̀ tí ó ti dúró mú ni wọ́n sì ṣe é, kì í ṣe láti dá èyí tí ń sáré dúró. Ẹ máa fi igi tí ó gbópọn há ẹsẹ̀ táyà nígbàkígbà tí ẹ bá páàkì. Ẹ má sì kúrò lójú kan lẹ́yìn tí ẹ bá sáná sí ọkọ̀ títí agogo ìkìlọ̀ afẹ́fẹ́ yóò fi dákẹ́. Àwọn kan ti ń fi mástà sílíńdà olójú méjì sí i kí ọ̀nà omi lè di méjì, àwọn tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bí ó ti rí láti ilé-iṣẹ́ sì ń bínú sí wọn. Èmi fara mọ́ àwọn tí ń ṣe é, bí ọkọ̀ náà bá máa gba òpópónà ìlú.

Ní ti ọ́ìlì àlòkù, ẹ́ńjìnnì LDT-465 inú rẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ lítà 7.8, lè jó díísù, ó lè jó epo bàálù, ó sì lè jó bẹntiróòlù bí kò bá sí ohun mìíràn. Ojú ogun ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, níbi tí ènìyàn kò ti ní yíyàn. Ilé epo wà ní gbogbo ìkóríta Maryland. Ẹ ra díísù. Ẹ wá ìwé ìtọ́ni TM 9-2320-361 ti àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kí ẹ sì fi í sínú ọkọ̀, nítorí kò sí ìbéèrè nípa M35A2 tí n kò kọ́kọ́ wò níbẹ̀. Ó kù díẹ̀: iná ọkọ̀ náà jẹ́ fólítì 24, láti ara bátìrì méjì onífólítì 12 tí a so pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi rédíò tàbí ohun tí ń ṣáájì fóònù sí i, ẹ má fa wáyà láti ara ọ̀kan nínú bátìrì méjèèjì, nítorí ọ̀kan yóò máa ṣofo, èkejì yóò máa kún jù, àwọn méjèèjì yóò sì kú láìpẹ́ ọjọ́. Ẹ ra ohun èlò tí ń sọ 24 di 12.

Bedford QL ti ọdún 1943 ni èmi ń tún ṣe. Àwọn nọ́ọ̀tì kan lára rímù rẹ̀ jẹ́ pupa. Ṣé ọ̀ṣọ́ ni?
*Òǹkàwé kan láti Birmingham, ní Bírítéènì*

Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó gbé sípánà.

Láàárín ọdún 1941 sí 1945, QL tí wọ́n ṣe lé ní 52,000. Abala méjì ni rímù rẹ̀, tí a fi nọ́ọ̀tì so pọ̀ káàkiri. Ọ̀wọ́ nọ́ọ̀tì méjì ni ẹ ó rí: ọ̀wọ́ kan so táyà mọ́ ọkọ̀, ọ̀wọ́ kejì so abala rímù méjèèjì pọ̀. Èyí kejì ni àwọn ológun fi ọ̀dà pupa kùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa tú u nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú táyà. Bí ẹ bá tú u pẹ̀lú afẹ́fẹ́, abala rímù náà yóò fò jáde pẹ̀lú agbára tí ó lè gé orí ènìyàn. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn, ẹ yọ inú fáàfù táyà kúrò pátápátá, ẹ jẹ́ kí ó mí tán, kí ẹ sì ki wáyà tín-ínrín bọ ihò náà láti mọ̀ dájú pé ẹrẹ̀ tàbí ìpẹtà kò dí i. Táyà tí ó dà bí ẹni pé ó ti sọ̀ lè ṣì ní afẹ́fẹ́ tí ó tó láti pa ènìyàn. Bí ọ̀dà pupa náà bá ti ṣí, ẹ tún un kùn fún àǹfààní ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín.

Rímù olórùka, tí òrùka irin ń di táyà mú sí, tí ó wà lára M35 àti ọ̀pọ̀ lọ́rì mìíràn ní ewu tirẹ̀, èyí sì ni àwọn fọganáísà wa mọ̀ dunjú. Ní etí títì wa nílé, ẹ ó rí i pé wọ́n máa ń dojú òrùka náà kọlẹ̀, tàbí kí wọ́n ki irin gígùn bọ inú rímù, kí wọ́n tó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ó sàn ju kí a má ṣe nǹkan kan lọ, ṣùgbọ́n kò tó. Òfin ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní kí táyà onírímù bẹ́ẹ̀ wà nínú àgò irin kí a tó fún un ní afẹ́fẹ́. Họ́ọ̀sì gígùn tí ń há ara rẹ̀ mọ́ fáàfù ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dúró sí apá ibi tí ojú táyà tí ń tẹ ilẹ̀ kọ sí, kì í ṣe sí iwájú òrùka. Bí òrùka kò bá jókòó dáadáa, ẹ má fi òòlù kàn án nígbà tí afẹ́fẹ́ ti wọlé. Ẹ tú afẹ́fẹ́ náà jáde, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ orí táyà pẹ̀lú. Táyà ológun tí ó ní eyín ńláńlá kì í tètè jẹ, nítorí náà ojú rẹ̀ lè pé nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ tí ó ti sán. Lára táyà tí wọ́n ṣe láti ọdún 2000, nọ́ḿbà mẹ́rin kan wà tí méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀, tí méjì tí ó kẹ́yìn sì ń sọ ọdún. Láti oṣù Kejì ọdún 2021 ni Bírítéènì ti ka táyà tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ léèwọ̀ ní iwájú lọ́rì. Òfin náà yọ ọkọ̀ àtijọ́ tí kì í ṣòwò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣe bí ẹni pé kò yọ yín.

Bàbá bàbá mi jẹ́ awakọ̀ nínú iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Burma ni wọ́n ní ó lọ. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ kan ní ìrántí rẹ̀. Mo ń wo lọ́rì ológun Amẹ́ríkà kan tí à ń pè ní GMC. Kí ni ẹ rí sí i?
*Òǹkàwé kan láti Peckham, ní London*

Ẹ kọ́kọ́ béèrè fún ìwé iṣẹ́ ológun rẹ̀, nítorí ibi tí ó ti jagun ni yóò sọ irú ọkọ̀ tí bàbá àgbà yín wà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ti wa lọ́rì púpọ̀ nínú ogun náà ṣáájú Burma, ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wọ Mogadishu ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1941, wọ́n sì tẹ̀ síwájú gba aginjù lọ sí àríwá nínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, wọ́n dé Jijiga, ní Ethiopia. Ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà, wọ́n dé Harar. Ford àti Chevrolet ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n lò níbẹ̀. Burma yàtọ̀. Ní àfonífojì Kaladan, tí Ẹ̀ka 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jagun, kò sí ọ̀nà tí lọ́rì lè gbà. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù, bàálù ni ó sì ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn là dé ibẹ̀, tí ó gùn tó bí máìlì 75, ọ̀nà jíìpù ni.

GMC jẹ́ ọkọ̀ tí ó ní ìtàn ńlá tirẹ̀. Òun ni àwọn awakọ̀ Red Ball Express, ètò ìkẹ́rù àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, fi kó ẹrù tẹ̀lé àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Faransé láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1944, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn awakọ̀ náà sì jẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìtàn bàbá àgbà yín kọ́ nìyẹn. Bí Burma bá ni, ẹ wá jíìpù. Bí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà bá ni, ẹ wá lọ́rì Ford tàbí Chevrolet ti Kánádà. Irú èyí tí Kánádà ṣe fún ogun náà tó bí 400,000, èyí tí ń gbé tọ́ọ̀nù mẹ́ta sì wà nínú wọn. Láàárín àwọn méjèèjì, n ó mú Chevrolet onísílíńdà mẹ́fà, nítorí ẹ́ńjìnnì V8 ti Ford máa ń tètè gbóná, àwọn páìpù èéfín rẹ̀ sì gba inú ibi tí omi wà kọjá. Jíìpù rọrùn ju méjèèjì lọ fún ẹni tí ń gbé ní Peckham. Ó lè wọ ibi tí a ń páàkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wọ́n sì ṣì ń ṣe ohun èlò rẹ̀ tuntun títí di òní. Military Vehicle Trust, tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tí ń tọ́jú irú ọkọ̀ yìí ní Bírítéènì, yóò gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ tíì ní ọkọ̀ kankan.

Ṣé kí n fi tapólì bo lọ́rì mi nígbà òtútù, kí n sì máa sáná sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sẹ̀?
*Òǹkàwé kan láti Chicago, ní Amẹ́ríkà*

Rárá sí méjèèjì. Tapólì tí ó bá lẹ̀ mọ́ ara irin yóò há òógùn mọ́lẹ̀, ìpẹtà yóò sì máa jẹ ọkọ̀ náà lábẹ́ ohun tí ẹ fi ń dáàbò bò ó. Ẹ kan òrùlé páànù sí i lórí, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó láti mú ẹ́ńjìnnì gbóná, omi tí iná bá dá sílẹ̀ yóò sì jókòó sínú ọ́ìlì àti sínú páìpù èéfín. Ó sàn kí ẹ wà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ìdajì wákàtí, kí jíà àti búréèkì náà lè ṣiṣẹ́, tàbí kí ẹ má tàn án rárá títí òtútù yóò fi lọ.

Bàbá mi tí ó di olóògbé fi lọ́rì Bedford kan sílẹ̀ tí ó rà ní gbàǹjo àwọn ológun. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo fẹ́ kùn ún ní àwọ̀ ológun, kí n sì ya àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun sí i bí mo ti rí i lára ti àwọn òyìnbó. Ṣé kò léwu?
*Òǹkàwé kan láti Abẹ́òkúta*

Ó léwu, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe é. Ní Bírítéènì, àwọn ènìyàn máa ń pàtẹ́wọ́ fún ọkọ̀ tí a ya àmì ogun sí. Ní Nàìjíríà, òfin ìwà ọ̀daràn ka wíwọ aṣọ ológun léèwọ̀ fún ẹni tí kò ní àṣẹ, àwọn ọmọ ogun tí ẹ bá sì bá pàdé lójú ọ̀nà kò ní dúró gbọ́ àlàyé nípa ìgbafẹ́ kí wọ́n tó ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà dídán kùn ún, àwọ̀ búlúù tàbí pupa bíi ti lọ́rì àwọn oníṣòwò àtijọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bo ara rẹ̀, ẹ fi bébà ìfárin tí a rẹ sínú omi rọra fá ilẹ̀kùn àti iwájú rẹ̀ ní ìpele-ìpele, nítorí nọ́ḿbà tí àwọn ológun kọ sí i lè ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tí ẹ bá rí. Ẹ wá ìwé gbàǹjo tí bàbá yín gbà, kí ẹ sì fi nọ́ḿbà férémù wé èyí tí ó wà nínú ìwé náà kí ẹ tó lọ yí orúkọ ẹni tí ó ni ọkọ̀ padà sí tiyín. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ yanjú ìyẹn kí ẹ tó ná owó mìíràn lé e lórí.

Lẹ́tà yín kò sọ ohunkóhun nípa búréèkì. Tọ́nà tí ó mọṣẹ́ lè gbẹ́ píìnì àti búúṣì tí yóò dára ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, káfíńtà sì lè fi igi àpá tún ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ara rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ròbà búréèkì fún yín láti ara táyà tàbí túùbù, ohunkóhun tí ó bá sọ. Wọn kò ṣe ròbà bẹ́ẹ̀ fún omi búréèkì. Ẹ tú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, tí yóò jẹ́ ní íńṣì nítorí pé ọkọ̀ Bírítéènì ni, kí ẹ sì fi ìwọ̀n náà àti fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ta ohun èlò Bedford ní Bírítéènì. Bí inú sílíńdà bá ti ní ihò wẹ́wẹ́ tí ìka lè mọ̀, ẹ má wulẹ̀ ra ròbà nìkan fún un; ẹ ra odindi rẹ̀.